Galaxy S5 olówó ńlá: àhesọ tó rìn jìnnà, ibi tó já sí, àti ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá léraléra, pàápàá nígbà tí owó òwú tàbí owó kajú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: «Tísà, wọ́n ní fóònù tó ju èyí lọ ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé ká ra èyí tó wà nílẹ̀ yìí, àbí ká ní sùúrù?» Ìbéèrè tó dáa ni, nítorí owó tí ẹ fẹ́ ná kì í ṣe owó kékeré. Fún ẹlòmíì, owó iléèwé ọmọ méjì ni.

A ò ní sọ fún yín pé fóònù báyìí ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká mú àpẹẹrẹ kan tó ti ṣẹlẹ̀, tó sì ti parí pátápátá, ká fi ohun tí wọ́n sọ ṣáájú wé ohun tó dé gbẹ̀yìn. Àpẹẹrẹ náà ni ti Samsung Galaxy S5, lọ́dún 2014. Lọ́dún yẹn, fún oṣù púpọ̀, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa Galaxy S5 kan tó ju Galaxy S5 lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì fojú rí. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé ọjà wa níbí, ó sì jẹ owó àwọn kan.

Kí ni wọ́n ń pè ní «haut de gamme»?

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ó máa ń tò wọ́n bí àkàbà: èyí tí owó rẹ̀ kéré wà nísàlẹ̀, èyí tó wà láàárín tẹ̀ lé e, èyí tó wọ́n jù sì wà lókè. Èyí tó wà lókè yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní «haut de gamme». Àwa máa pè é ní fóònù olówó ńlá nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n míì tún wà. Ilé-iṣẹ́ lè mú fóònù kan tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, kó wá ṣe ẹ̀gbọ́n fún un. Orúkọ kan náà ni wọ́n máa jẹ́, wọ́n á kàn fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ẹ̀gbọ́n: Plus, Pro, Ultra. Ẹ ti rí i lára Galaxy tí wọ́n ń pè ní Ultra àti iPhone tí wọ́n ń pè ní Pro.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe tán láti san ju ohun tí gbogbo èèyàn ń san lọ, ilé-iṣẹ́ ò sì fẹ́ kí owó yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èkejì, èrè orí ẹyọ fóònù olówó ńlá kan sábà máa ń ju èrè orí ẹyọ fóònù kékeré lọ. Ẹ̀kẹta, òkìkí ẹ̀gbọ́n máa ń kan àbúrò. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká èyí tó wà lókè á ra èyí tó wà nísàlẹ̀, torí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Galaxy S5 tí gbogbo ayé mọ̀

Samsung, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Kòríà Gúúsù, fi Galaxy S5 han aráyé ní ìlú Barcelona, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2014. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Fóònù tó lágbára ni. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5.1. Àwọn àmì kéékèèké tó ń mú àwòrán jáde lójú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pixels, jẹ́ 1920 lóòró àti 1080 níbùú. Kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ megapixel 16. RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, jẹ́ 2 GB. Nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni Snapdragon 801, tí ilé-iṣẹ́ Qualcomm ti Amẹ́ríkà ṣe. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 2800 mAh, èèyàn sì lè ṣí ẹ̀yìn fóònù kó yọ ọ́. Àyè wà fún káàdì mẹ́mórì. Ó ń dá ìka ọwọ́ olówó rẹ̀ mọ̀. Omi àti eruku náà ò tètè rí i gbé ṣe: tó bá já sínú omi tí kò jìn ju mítà kan lọ, tí ẹ sì tètè yọ ọ́ kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò yẹ kó bà jẹ́, bí ẹ bá ti pa ìdérí rẹ̀ dé dáadáa.

Síbẹ̀, àwọn kan bínú sí i. Ike ni ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì dárà sí i bí ẹni gún un ní abẹ́rẹ́ káàkiri. Àwọn míì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ báńdéèjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ egbò. Lásìkò yẹn, irin ni ara iPhone 5s, irin náà ni ara HTC One M8 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Wọ́n wá ń wí pé fóònù tó wọ́n tó báyìí, kí ló dé tó jẹ́ ike? Ibẹ̀ ni èrò kan ti wọ orí àwọn èèyàn: pé Samsung ń fi gidi pa mọ́ ni, pé èyí tí wọ́n fi hàn kì í ṣe ògidì.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ

Kódà kí wọ́n tó dé Barcelona ni àhesọ ti ń lọ pé Galaxy S5 méjì ló ń bọ̀: ọ̀kan tó jẹ́ ike fún gbogbo èèyàn, ọ̀kan tó jẹ́ irin fún olówó. Nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n fi hàn, ọ̀rọ̀ ò tán, ńṣe ló tún gbóná sí i. Àwọn kan ń pè é ní «Galaxy S5 Prime», àwọn kan ní «Galaxy F». Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nìwọ̀nyí:

– irin ni ara rẹ̀ máa jẹ́;
– pixels ojú rẹ̀ máa jẹ́ 2560 lóòró àti 1440 níbùú;
– Snapdragon 805 ló máa jẹ́ ọpọlọ rẹ̀;
– RAM rẹ̀ máa jẹ́ 3 GB;
– ó máa dá ẹyinjú olówó rẹ̀ mọ̀;
– oṣù kẹfà ló máa jáde, yóò sì dé ibi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹyinjú yẹn, nítorí ó fi bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Lee Young-hee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Samsung, sọ fún oníròyìn pé àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sọ bóyá yóò wà nínú Galaxy S5. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: «à ń yẹ ọ́ wò». Nígbà tí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì, ó di «wọ́n fẹ́ fi sí i». Nígbà tí yóò fi dé etí wa níbí, ó ti di «ó ti wà nínú rẹ̀». Kò sí ẹni tó dìídì parọ́, ọ̀rọ̀ ló ń sanra bó ṣe ń rìn.

Níbo ni àhesọ fóònù ti ń jáde?

Ẹ má rò pé inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Àwọn orísun kan wà tí a mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara fóònù. Samsung tàbí Apple kì í dá ṣe gbogbo ohun tó wà nínú fóònù wọn. Ẹnì kan ń ṣe ṣíìpù, ẹnì kan ń ṣe dígí, ẹlòmíì ń ṣe kámẹ́rà. Iye àwọn tó bá mọ̀ nípa nǹkan bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àṣírí ò lè pẹ́ nínú ilé.

Èkejì ni ìwé ìjọba. Kí wọ́n tó ta fóònù kan, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní da réseau rú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí wọ́n ń pè ní FCC ló ń ṣe é, ó sì máa ń gbé apá kan ìwé rẹ̀ sí gbangba. Ìwé douane náà máa ń tú àṣírí, nítorí wọ́n ń fi fóònù àyẹ̀wò ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn. Irú ọ̀nà báyìí ni nọ́ńbà SM-G906 gbà yọjú lọ́dún 2014, nígbà tó jẹ́ SM-G900 ni nọ́ńbà Galaxy S5 tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ṣe àpò fóònù. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí fóònù ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀ kó tó jáde, kí ọjà wọn lè wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ̀kẹrin ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà míì àṣìṣe ni, nígbà míì ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jò kí ọkàn àwọn èèyàn lè máa fà sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni àlá. Ẹnì kan á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á ya fóònù bí òun ṣe fẹ́ kó rí. Àwòrán náà á dára bí ẹni pé fọ́tò ni. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á lè sọ pé èrò òun ni, ṣùgbọ́n ẹni kẹta tó pín in ò ní kọ ìyẹn sí i mọ́.

Ẹ rántí nǹkan kan níbí. Nọ́ńbà inú ìwé lè fi hàn pé nǹkan kan wà. Kò lè sọ ìlú tí wọ́n máa tà á sí, kò lè sọ iye tó máa jẹ́, kò sì lè sọ bóyá irin ni ara rẹ̀ àbí ike. Àwọn èèyàn ló ń fi èyí tó kù kún un.

Ilé-iṣẹ́ ńkọ́, kí ló dé tí kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Ó rọrùn. Tí Samsung bá sọ ní oṣù kẹrin pé èyí tó dára jù ń bọ̀ ní oṣù kẹfà, ta ló máa ra èyí tó wà lórí àtẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ta iṣu kì í pariwo pé èyí tó tóbi jù ń bọ̀ lọ́la.

Ohun tó dé ní tòótọ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, fóònù náà dé. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Prime, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe F. Galaxy S5 LTE-A ni Samsung pè é. Ẹ jẹ́ ká wá kà á bí ẹni ń ka owó ọjà nírọ̀lẹ́.

Ojú tó ní pixels 2560 lóòró àti 1440 níbùú? Òótọ́ ni. Snapdragon 805? Òótọ́ ni. RAM 3 GB? Òótọ́ ni. Oṣù kẹfà? Òótọ́ ni. Ara irin? Rárá o, ike ni, bíi ti àbúrò rẹ̀. Kó dá ẹyinjú mọ̀? Rárá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ni Samsung ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyẹn sínú Galaxy Note 7.

Kó dé ibi gbogbo ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kòríà Gúúsù nìkan ni wọ́n tà á sí. Ìdí ni pé wọ́n ṣe é fún réseau tó wà lọ́hùn-ún, LTE-A, tó lè gba megabit 225 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù ò lè sáré ju réseau tó gbé e lọ. Ẹni tó bá gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ sí abúlé tí réseau ti ń wá tó tún ń lọ, bí ẹni tó gbé mọ́tò tuntun sójú ọ̀nà eléruku tó kún fún kòtò ló rí.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mẹ́rin nínú mẹ́fà tí wọ́n sọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n inú fóònù tí wọn ò ṣe fún wa ni òótọ́ náà wà. Ẹni tó dúró dè é ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Atakpamé dúró de ohun tí kò ní dé.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wo ẹ̀yìn wò lè ti fura. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Samsung ti ṣe irú rẹ̀ rí: wọ́n gbé Galaxy S4 LTE-A jáde ní Kòríà, tí ọpọlọ rẹ̀ yá ju ti Galaxy S4 tí gbogbo èèyàn mọ̀ lọ. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lésìí máa ń sọ̀rọ̀ ju ohun tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń rò lọ.

Irin tí wọ́n ń retí náà dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà míì ló gbà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2014, Samsung kéde Galaxy Alpha. Irin yí etí rẹ̀ ká, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré sí ti S5, ínṣì 4.7 ni, pixels rẹ̀ náà sì kéré sí ti S5. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, Galaxy Note 4 dé, òun ló wá ní irin létí, tó tún ní ojú oní-pixels púpọ̀ yẹn. Àhesọ kan ṣoṣo ló wá pín sí fóònù mẹ́ta.

Ohun tí wọ́n yọ nígbà tí irin dé

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2015, Samsung fi Galaxy S6 hàn. Irin àti dígí ni gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá irin náà lọ: bátìrì tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ, ó lọ. Àyè káàdì mẹ́mórì, ó lọ. Ààbò lọ́wọ́ omi tó wà lára S5, òun náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ní abúlé tí iná ò dúró, ẹni tó ní bátìrì méjì á fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi panneau solaire gba iná sínú fóònù, á máa lo èkejì. Ẹni tó ń gbé oko lọ máa ń bọ́ sọ́wọ́ òjò. Olùkọ́ tí iléèwé rẹ̀ ò ní réseau máa ń kó ẹ̀kọ́ àti fídíò sínú káàdì mẹ́mórì, kó lè fi han àwọn ọmọ. Fún irú àwọn èèyàn báyìí, S5 oní-ike tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn wúlò ju S6 olówó ńlá lọ.

Ọ̀rọ̀ pixels náà rí bẹ́ẹ̀. Galaxy S5 LTE-A ní pixels tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, S5 tí a mọ̀ ní bíi mílíọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n lójú ínṣì 5.1 kan náà, ojú èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Iṣẹ́ tí ọpọlọ fóònù máa ṣe ló pọ̀ sí i. Bátìrì ńkọ́? 2800 mAh kan náà.

Nítorí náà, «olówó ńlá» kò túmọ̀ sí «èyí tó dára fún mi». Ó lè túmọ̀ sí èyí tó dára fún ẹni tó ń gbé Séoul, tí iná ò lọ lójú rẹ̀ rí.

Ìgbà tí àhesọ di òótọ́: iPhone X

Kẹ́ ẹ má baà rò pé a ní kí ẹ má gba àhesọ kankan gbọ́, ẹ wo ti Apple lọ́dún 2017. Ọdún náà ló pé ọdún mẹ́wàá tí iPhone àkọ́kọ́ ti jáde, àwọn èèyàn sì ń sọ pé Apple fẹ́ ṣe ọ̀kan tó máa ju àwọn yòókù lọ: ojú rẹ̀ máa gba gbogbo iwájú, bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ máa lọ, owó rẹ̀ sì máa tó 1000 dọ́là.

Lópin oṣù keje, Apple fúnra rẹ̀ gbé ètò orí kọ̀ǹpútà kan jáde fún ẹ̀rọ HomePod rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tú u wò, wọ́n sì bá àwòrán fóònù tuntun náà nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe «ẹnì kan ló sọ fún mi» mọ́, inú àpótí onílé ni wọ́n ti bá a. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kéde iPhone X: 999 dọ́là ní Amẹ́ríkà, 1159 euro ní ilẹ̀ Faransé. Ó dé orí àtẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Euro kan jẹ́ 655,957 fráǹkì CFA, kì í yí padà. 1159 euro á sì jẹ́ bíi 760 000 fráǹkì. Lọ́dún yẹn, SMIG ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 40 000 fráǹkì lóṣù. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba SMIG á ṣiṣẹ́ oṣù mọ́kàndínlógún gbáko, kò ní jẹun, kò ní wọ zémidjan, kó tó lè rà á.

Nǹkan míì tí àhesọ ò pariwo ni pé lọ́jọ́ kan náà, Apple fi iPhone 8 hàn ní 699 dọ́là, ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, A11 Bionic, sì ni ọpọlọ tó wà nínú iPhone X. Ẹ̀gbọ́n gba gbogbo ariwo, àbúrò ní làákàyè kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbọ́ nípa «S5 Prime» lọ́dún 2014. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kàwé, kì í ṣe òpè. Oníṣòwò kan nínú ọjà sọ fún un pé òun ti rí i gbà kó tó dé Yúróòpù, pé kó mú 60 000 fráǹkì wá ná, kó san èyí tó kù tó bá dé. Ó kó owó tó ti ń tọ́jú fún oṣù púpọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò gba ìwé kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní fóònù kan tó wà nínú páálí tó dùn-ún wò. Wọ́n kọ Samsung sí i lára, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán bí irin. Ó mú un wá fún wa láti wò. A fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀dà fàdákà tí wọ́n kùn sára ike ni. A ṣí ibi tí ó ti ń júwe ara rẹ̀: nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lára páálí. Kò tíì pé oṣù méjì tí kò tàn mọ́. Nígbà tó padà lọ, oníṣòwò náà ti kó kúrò níbẹ̀.

A bi í pé kí ló jẹ́ kó gbà á gbọ́. Ó ní: «Mésìé, mo ti kà á níbi púpọ̀ pé ó ń bọ̀.» Òótọ́ ló sọ. Ó kà á, ó sì ń bọ̀ lóòótọ́, sí Kòríà. Ọmọ yẹn ò gba irọ́ gbọ́. Ìdajì òótọ́ ló gbà gbọ́, ìdajì tó kù ni ọlọ́jà náà fi oúnjẹ ara rẹ̀ dí.

Bí ẹ ṣe lè wọn àhesọ

Tí ẹ bá gbọ́ pé fóònù ńlá kan ń bọ̀, ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé ilé-iṣẹ́ ni, ṣé ìwé ìjọba ni, àbí «wọ́n ní»?
2. Kí ni wọ́n sọ gan-an? «À ń yẹ ọ́ wò» kì í ṣe «ó ti wà».
3. Ṣé wọ́n ti kéde ọjọ́, iye owó, àti àwọn orílẹ̀-èdè tí yóò dé? Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, àhesọ ṣì ni.
4. Kí ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe lésìí àti ní ìjẹta?

Tí ẹ bá sì ti dé iwájú ọlọ́jà, tí fóònù wà lọ́wọ́ yín:

– Ẹ wọ «Paramètres», kẹ́ ẹ wá «À propos du téléphone». Nọ́ńbà modèle tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu.
– Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI, oní-díjítì 15, á jáde. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Fóònù oní-SIM méjì máa ń ní IMEI méjì.
– Tó bá jẹ́ Samsung, ẹ tẹ *#0*#. Lára ọ̀pọ̀ Samsung gidi, ojú ìwé àyẹ̀wò á ṣí. Tí kò bá ṣí, ẹ wádìí sí i.
– Ẹ fi SIM yín sí i, kẹ́ ẹ pe ẹnì kan, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ tó san owó.
– Ẹ gba facture tí orúkọ ọlọ́jà àti IMEI wà nínú rẹ̀.
– Ẹ má san àsansílẹ̀ fún fóònù tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ò tíì kéde.

Ṣé ká rà á, àbí ká dúró?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè yín. Tí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, dídúró ò ná yín ní nǹkan kan. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì ti kéde tuntun lóòótọ́, ẹ lè dúró díẹ̀, nítorí owó èyí tó wà nílẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ nígbà tí tuntun bá dé. Ìgbà yẹn ni olówó ńlá àná máa ń di èyí tí ọwọ́ wa ká.

Ṣùgbọ́n tí fóònù yín bá ti kú, tó sì jẹ́ òun lẹ fi ń gba owó ọjà, òun lẹ fi ń bá ọmọ tó wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí fóònù tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí dá iṣẹ́ yín dúró. Ẹ ra èyí tí ẹ rí, tí ẹ gbé sọ́wọ́, tí ẹ tẹ̀ wò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ọmọ wa yẹn ti di olùkọ́ báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní abúlé kan lápá òkè. Owó rẹ̀ ò padà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá ra fóònù ní abúlé yẹn tí kì í kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ òun, pé kí òun bá wọn tẹ *#06# wò.